Ta Ló Dé Ibẹ̀? Ìròyìn Yàjóyàjó àti Iṣẹ́ Akọ̀ròyìn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò dùn, iṣẹ́ ìròyìn tí gbogbo wa jọ fẹ́ràn ló sì kàn, nítorí náà mi ò ní fepo bọyọ̀.

Lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú iléeṣẹ́ Bellview gbéra ní Ìkẹjà, ó forí lé Àbújá. Èèyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Ìrìnàjò tí kò yẹ kó tó wákàtí kan àtààbọ̀ ni. Kò pẹ́ tó gbéra tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, ìròyìn ti gba ìgboro pé wọ́n ti rí i nítòsí Kìṣí, lókè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, pé ó ju ìdajì àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ tó yè. Ẹnu àwọn tó wà nípò àṣẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Rédíò gbé e, tẹlifíṣọ̀n gbé e, àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn òkè òkun náà gbé e. Ẹ rò ó wò ná: ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn ti gbọ́ pé ó ju ìdajì lọ tó yè. Ó ti dá a lójú pé tòun wà lára wọn. Ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti ń wá ẹni tó máa wa òun lọ sí Kìṣí.

Ọkọ̀ náà kò dé Kìṣí. Lísà ló já sí, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí kò jìnnà sí Èkó tó ti gbéra. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yè. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AIT tó wá ọ̀nà dé abúlé náà ni wọ́n fi ojú ibẹ̀ han gbogbo ayé, ìgbà náà ni àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ Kìṣí tó kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí wà láàárín Kìṣí àti Lísà. Ẹni tó bá ń kánjú kò ráyè lọ wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ wò ó, ẹnu ẹlòmíì ló máa gbára lé. Ta ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa? Ẹni tó ní agbẹnusọ ni, ẹni tó ní nọ́ńbà fóònù gbogbo olóòtú lọ́wọ́, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àtẹ̀jáde. Ará Lísà tó gbọ́ ariwo lóru kò ní agbẹnusọ. Ìkánjú ti gba iṣẹ́ wa lọ́wọ́ wa, ó ti gbé e fún ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu. Àṣìṣe inú ìròyìn tí gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan bínú sí AIT nígbà yẹn. Àjọ NBC, tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tiẹ̀ ti iléeṣẹ́ náà pa fúngbà díẹ̀, wọ́n ní àwòrán tó gbé jáde ti burú jù. Lórí ti àwòrán, mo wà lẹ́yìn àwọn tó bínú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí òkú èèyàn rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ fún un nílé. Ìkánjú náà ló fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rìn dé Lísà, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù ú kù. Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí àwọn mọ̀lẹ́bí ṣì máa wá òkú wọn káàkiri òkè Ọ̀yọ́.

Ọ̀rọ̀ Chibok tún le ju ìyẹn lọ. Lóru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni àwọn Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 nílé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó wà ní Chibok, ní ìpínlẹ̀ Borno. Lọ́jọ́ 16, àwọn ológun gbé àtẹ̀jáde síta pé àwọn ti gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ó ku mẹ́jọ péré. Ìròyìn ayọ̀ ni, ta ni kò ní fẹ́ gbé e? Wọ́n gbé e yàjóyàjó. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà sọ fáyé pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun ò rí ọmọ kankan tí ológun mú padà wá. Àwọn ológun kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Àwọn ọmọ 57 tó ráyè sá, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi sá.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn kò fara pamọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Àwọn òbí náà kò fara pamọ́, wọ́n ń sunkún nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n jó níná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ti dé, ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ ló yẹ kó lọ. A kò lọ. A gba ìwé tó ti olú iléeṣẹ́ ológun wá, a kà á lórí afẹ́fẹ́. Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọjọ́ tí a ń sọ pé ọmọ ti délé, àwọn gan-an ló yẹ kí ariwo ti sọ, nígbà tí àwọn agbébọn kò tíì kó wọn jìnnà. A pa ẹkún àwọn òbí lẹ́nu mọ́ nígbà tó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ.

A ò kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, àwọn agbébọn tún kó ọmọ 110 ní Dapchi, ní ìpínlẹ̀ Yobe. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní wọ́n ti rí díẹ̀ gbà lára wọn, kò sì pẹ́ tó fi tọrọ àforíjì pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn àkọ́kọ́ ti dé ibi tí àforíjì ò lè dé. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn ò yọ ìjọba sílẹ̀ nínú ẹnì kan tí wọ́n ń wí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ká ní ọkọ̀ agbépo kan gbiná lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹnì kan wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó jìnnà sí ibẹ̀ dáadáa, èéfín nìkan ló ń rí. Ó gbé fóònù, ó fohùn sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ lórí WhatsApp: "Ẹ má gba ibí o, tírélà ti jó, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, èèyàn ti kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní." Ọkùnrin yìí kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Ohun tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ sọ ló tún sọ, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ gba ọ̀nà míì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohùn náà ti dé ọwọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń darí ojú ewé ìròyìn lórí Facebook láti inú yàrá rẹ̀. Ó kọ ọ́: "Yàjóyàjó! Ọ̀pọ̀ èèyàn jóná di eérú." Ó wá àwòrán iná kan, ìjàǹbá ọdún mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ní iléeṣẹ́ ìròyìn kan tó lórúkọ, akọ̀ròyìn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí i. Ó pe olóòtú rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí olóòtú bi í ni pé, ta lo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ìbéèrè tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ olóòtú lónìí ni pé, ṣé àwọn tó kù ti gbé e? Tí wọ́n bá ti gbé e, àwa náà gbọ́dọ̀ gbé e. Tí wọn ò bá tíì gbé e, ká yára gbé e kí wọ́n tó gbé e. Akọ̀ròyìn jókòó, ó kọ ọ́. Iléeṣẹ́ kejì rí ti àkọ́kọ́, ó kọ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta wá ní ìwé ìròyìn méjì ló ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí iná ti ń jó, ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn fún aráyé lórí rédíò láàárọ̀ ti kà á. Ẹnu mẹ́fà ló ti sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ níbi mẹ́fà á gbà pé òótọ́ ni. Ojú kan ṣoṣo ló rí nǹkan, ojú yẹn náà jìnnà, èéfín ló rí.

Nínú gbogbo èyí, ẹni tó ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́mọ ti gbọ́ pé bọ́ọ̀sì mẹ́ta jóná. Ó ń pe fóònù, kò wọlé, torí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé. Ta ló máa dá a lóhùn fún ohun tí a ṣe sí i láàárọ̀ yẹn?

Owó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ká má tanra wa. Owó ìpolówó orí ayélujára ń tẹ̀ lé iye èèyàn tó ṣí ojú ewé. Ìròyìn tí akọ̀ròyìn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wádìí àti èyí tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta dà kọ, iye kan náà ni ẹ̀rọ ń kà wọ́n sí. Olóòtú ń wo nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sókè sódò, nọ́ńbà yẹn ló sì máa fi jíyìn fún olówó iléeṣẹ́. Akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ ń pẹ́, ní àwọn ibòmíì kò tiẹ̀ ń dé. Kò sí owó ọkọ̀ tó máa gbé e lọ síbi ìṣẹ̀lẹ̀. Wọ́n sì ní kó kọ ìròyìn lọ́pọ̀ lójúmọ́. Kí ló máa ṣe? Á jókòó síbi fóònù, á máa dà á kọ. Àwọn tó ń kọ àtẹ̀jáde fún olóṣèlú mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ bí ìròyìn tó ti pé, àkọlé rẹ̀ wà lórí rẹ̀, àwòrán wà nídìí rẹ̀, kó má bàa ní akọ̀ròyìn lára láti gbé e bó ṣe rí.

Ṣùgbọ́n àìlówó kọ́ ló ń fa gbogbo rẹ̀, torí àwọn iléeṣẹ́ tó lówó náà ń ṣe é. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí òfin ìlera tí Ààrẹ Obama ṣe, èyí tó pàṣẹ fún aráàlú pé kí wọ́n ní ìwé adójútòfò ìlera, kí ẹni tí kò bá ní i san owó. Ìdájọ́ náà gùn. Nínú àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́, Olórí Adájọ́ John Roberts ṣàlàyé pé agbára tí ìjọba àpapọ̀ ní lórí káràkátà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ kò tó láti fi pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní òfin ti wó. Tó bá ṣí i síwájú, á rí i níbi tí adájọ́ ti sọ pé ìjọba lágbára láti gba owó orí, pé owó tí òfin yìí ní kí wọ́n san ṣeé kà sí owó orí, àti pé nítorí náà òfin náà dúró digbí. CNN àti Fox News dúró síbi àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé ilé ẹjọ́ ti wọ́gi lé e. Obama fúnra rẹ̀ rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé òfin òun ti wó, kí agbẹjọ́rò rẹ̀ tó wá fi yé e pé ó dúró.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń sáré nítorí rẹ̀. Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ ti kọ sínú ìwé, tí kò ní yí padà lọ́jọ́ yẹn, tí gbogbo akọ̀ròyìn gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹ̀mí kankan tó máa bọ́ tí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kà á. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn AP àti Bloomberg kà á dé ibi tó yẹ, wọ́n gbé e bó ṣe rí, wọn ò sì pẹ́ ju àwọn tó ṣì í lọ. Mi ò tíì rí ẹni tó máa sọ fún mi lónìí pé òun rántí iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé ìdájọ́ yẹn. Àwọn tó ṣì í ni ìtàn rántí.

Ká má sì rò pé fóònù àti ayélujára ló bí àrùn yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, nígbà tí kò sẹ́ni tó ní fóònù nínú àpò, ìròyìn jáde nílẹ̀ yìí pé Nnamdi Azikiwe, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Zik, ti kú. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, àwọn èèyàn ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèdárò. Zik wà láàyè. Ó wà láàyè títí di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996. Ọkùnrin tó dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1937, tó kọ́ àìmọye ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn, àwa akọ̀ròyìn la sọ ọ́ di òkú ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́fà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá wakọ̀ dé ilé rẹ̀ ní Nsukka, tó kan ilẹ̀kùn, á ti bá a nílé.

Ẹlòmíì á ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa dúró de àwọn aláṣẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti yàgò fún un. Ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2015 ni Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde. Àwọn ìjòyè jáde, wọ́n ní irọ́ ni, pé kábíyèsí wà, ara wọn le koko. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fi tó gómìnà létí. Mo mọ ohun tí àṣà wí, mi ò sì bá ààfin jà. Ọ̀rọ̀ ọba kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu lásán sọ. Ètò wà fún un, ètùtù wà fún un, àwọn tó ni ẹnu láti kéde rẹ̀ wà. Iṣẹ́ ìjòyè nìyẹn. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn yàtọ̀ sí i. Akọ̀ròyìn tó bá ní ẹnu ààfin nìkan lòun máa gbọ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ló fi ọ̀sẹ̀ méjì gbé kiri. Nínú ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ yìí, àwọn tó tètè gbé e ni òótọ́ wà lọ́dọ̀ wọn.

Ìdí tí mo fi mú un wá nìyí: kì í ṣe ìyára ni mo ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbóríyìn fún ìlọ́ra. Ìbéèrè kan ni mo ní. Báwo lo ṣe mọ̀? Tí ẹni méjì bá sọ fún ọ, tí àwọn méjèèjì wà níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kìíní kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kejì, kọ ọ́ lónìí, kọ ọ́ nísinsìnyí, kódà kí ìjòyè, gómìnà tàbí ọ̀gágun ní irọ́ ni. Kọ ohun tí wọ́n sọ náà sí i. Tí ogún èèyàn bá wá sọ fún ọ, tó jẹ́ pé ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ẹyọ ẹnì kan náà lo ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí sùúrù máa ń bí. Ní ọdún 1999, ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo wa ń yọ̀. Salisu Buhari di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, ipò kẹrin nílẹ̀ yìí. Ó ní òun kàwé gboyè ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà. Àhesọ ti wà nílẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn TheNEWS lè gbé àhesọ yẹn jáde lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ. Ì bá tà. Wọ́n mú sùúrù. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà fúnra rẹ̀, yunifásítì ní ọkùnrin yìí kò gboyè lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n wá ọjọ́ ìbí rẹ̀ kàn, wọ́n rí i pé ó fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀, torí pé nígbà náà, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ 30 ọdún kò lè wọ ilé náà. Nígbà tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jáde ní oṣù Keje, ó bínú, ó ní òun máa pè wọ́n lẹ́jọ́. Kí oṣù náà tó parí, ó dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀, ó tọrọ àforíjì, ó fipò sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn ronú sí i dáadáa. Ká ní àhesọ ni wọ́n gbé jáde, á sẹ́, àwọn agbẹnusọ á gbè é lẹ́yìn, ìwé ìròyìn míì á gbé bó ṣe sẹ́ ẹ yàjóyàjó, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ìlú á ti gbàgbé. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n mú dání ni kò jẹ́ kó rí ibi sá gbà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni akọ̀ròyìn Dele Giwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn Newswatch sílẹ̀ fún ní ọdún 1984, kí àwọn kan tó fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Giwa ní ọdún 1986. Àwọn tó ń bẹ̀rù akọ̀ròyìn kì í bẹ̀rù ẹni tó ń sáré. Wọ́n á kàn sọ nǹkan míì sí i létí, á sì tún sáré gbé ìyẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní ká padà sí ayé Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà wà tí ìṣẹ́jú kan ń gba ẹ̀mí là. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà nílùú Ìbàdàn yìí lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kínní ọdún 2024, nígbà tí ìbúgbàù ní Bódìjà mi ìlú tìtì. Àwọn tó wà ní àdúgbò tó jìn gan-an gbọ́ ọ, fèrèsé fọ́, òrùlé ṣí. Lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí aráàlú ń fẹ́ lẹ́nu rédíò pọ̀: ibo ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀nà wo ni kéèyàn yà fún kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè ráyè kọjá, ilé ìwòsàn wo ló ń gba àwọn tó fara pa. Gbogbo ìyẹn ló yẹ kí ẹ yára sọ, kí ẹ sì tún un sọ. Ta ló fà á? Ṣé bọ́ǹbù ni, ṣé gáàsì ni, ṣé àwọn ẹ̀yà kan ni? Ìyẹn kò kánjú. Gómìnà Ṣèyí Mákindé jáde lálẹ́ ọjọ́ náà pé ohun tí ìwádìí kọ́kọ́ fi hàn ni pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òkú méjì ni ìjọba kéde. Iye náà tún lé sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ti fi orúkọ ẹ̀yà kan sórí afẹ́fẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ló máa fi pa iná tó dá?

Bí ọ̀rọ̀ òjijì bá dé, tí ẹ wà lórí afẹ́fẹ́, ohun tí ẹ mọ̀ kì í pọ̀, ẹ jẹ́ kó kéré bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra ní aago báyìí, wọn ò tíì gbúròó rẹ̀, nọ́ńbà tí mọ̀lẹ́bí lè pè nìyí. Ẹ tún un sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ìjòyè ìjọba kan bá pè yín pé wọ́n ti rí i, ẹ bi í léèrè: ṣé ìwọ fúnra rẹ dé ibẹ̀? Tó bá ní rárá, ẹ bi í pé ta ló dé ibẹ̀, kí ẹ sì bèèrè nọ́ńbà onítọ̀hún. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ọ̀rọ̀ á ṣe yí padà lẹ́nu èèyàn tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè kékeré yìí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Àwọn olùgbọ́ kò ní sá lọ torí pé ẹ ní ẹ kò tíì mọ̀. Ohun tó ń lé wọn lọ ni kí ẹ máa sọ ọ́ láàárọ̀ kí ẹ máa jẹ ẹ́ lálẹ́.

Tí ẹ bá ṣì í, torí ẹ máa ṣì í lọ́jọ́ kan, ẹ tún un ṣe níbi tí ẹ ti bà á jẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe ń fi àtúnṣe pamọ́. A fi lẹ́tà gàdàgbà gbé irọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́, a wá fi àtúnṣe sínú kọ̀rọ̀ ojú ìwé kẹrìndínlógún. Lórí ayélujára ó tún burú sí i: wọ́n á yọ ìròyìn náà kúrò láìsọ nǹkan kan, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí, nígbà tí àwòrán rẹ̀ ti wà lórí fóònù ẹgbẹ̀rún èèyàn. Bí ẹ bá fi ìròyìn aago méje àárọ̀ sọ pé olùkọ́ kan jí ọmọ gbé, tó wá jẹ́ pé orúkọ ló jọra, inú ìròyìn aago méje àárọ̀ ni kí ẹ ti sọ pé olùkọ́ náà kò jí ọmọ kankan gbé, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ bí ẹ ṣe pè é lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbọ́ ti èkejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni iléeṣẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kàn gbẹ̀yìn, torí akọ̀ròyìn kò lè fi ebi rìn dé Lísà. Ẹ san owó oṣù. Ẹ ra epo sínú ọkọ̀ ìròyìn, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí gómìnà bá fẹ́ ṣí kànga nìkan ló ń jáde. Ẹ wá ẹnì kan sí Ṣakí, ẹnì kan sí Ìgbòho, ẹnì kan sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tó mọ baálẹ̀, tó mọ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, tó mọ olórí àwọn awakọ̀, tí ẹ máa san owó fún lóṣooṣù, yálà ìròyìn wà tàbí kò sí. Nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lápá ibẹ̀, ẹ pe onítọ̀hún kí ẹ tó pe agbẹnusọ kankan. Tó bá sì ní kí ẹ fún òun ní wákàtí kan kí òun fi ọ̀kadà dé ibẹ̀, ẹ fún un.